Ìtàn ìfẹ́ tó ní idán nínú: kí ló dé tí ìfẹ́ fi ń kú sáàárín ọ̀nà?

Òǹkà-Òru

Ẹ̀yin òǹkàwé ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́, mo sì fẹ́ gbọ́ èrò yín lórí rẹ̀.

Mo fẹ́ràn ìtàn orí íntánẹ́ẹ̀tì tó bá da ìfẹ́ pọ̀ mọ́ idán, àwọn tí wọ́n ń gbé jáde ní orí kọ̀ọ̀kan lórí áàpù. Ìbẹ̀rẹ̀ wọn máa ń dùn gan-an. Ọmọbìnrin kan á jí nínú ara ẹlòmíràn, á rí i pé òun ti di obìnrin burúkú tí wọ́n máa pa ní ìparí ìtàn, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tí kò fi ní kú. Ọkùnrin tí gbogbo ìlú ń bẹ̀rù á máa wò ó tìfura-tìfura. Bí àwọn méjèèjì bá ń sọ̀rọ̀, èyí tí wọn kò sọ máa ń pọ̀ ju èyí tí wọ́n sọ lọ, ọkàn tèmi náà á sì máa sáré. Nígbà tó bá yá, wọ́n á jẹ́wọ́ ìfẹ́ fún ara wọn.

Ibẹ̀ ni ìfẹ́ náà máa ń parí sí. Ogun á bẹ́ sílẹ̀, ọba àwọn ànjọ̀nú á jí lójú oorun, ọkùnrin náà á máa gba agbára kún agbára. Obìnrin tó jẹ́ pé òun ló ni ìtàn á wá di ẹni tó jókòó sí ààfin tó ń retí ọkọ.

Èrò tèmi ni pé ìtàn ìfẹ́ àti ìtàn agbára kì í rìn bákan náà. Ìfẹ́ ní ibi tó ń lọ. Àwọn méjì pàdé, nǹkan dínà mọ́ wọn, wọ́n borí rẹ̀ tàbí kó borí wọn, ó sì parí. Agbára kò ní ibi tó ń lọ. Bí akọni bá ṣẹ́gun ọ̀tá tó wà ní ìpele kẹsàn-án lónìí, òǹkọ̀wé lè dá ìpele kẹwàá sílẹ̀ lọ́la. Tí ó bá wá jẹ́ pé owó ń wọlé níwọ̀n ìgbà tí ìtàn kò bá tíì parí, apá tí kò lópin ni yóò gbé èyí tó lópin mì.

Ṣé bí ẹ̀yin náà ṣe ń rí i nìyẹn? Kí sì ni ẹ máa ń wò kí ẹ tó fọkàn sí ìtàn kan?

Jagunjagun

Ìtàn idán gan-an ni èmi ń kà, lójú tèmi, ìfẹ́ ló ń ba ìtàn jẹ́.

Mo máa ń ka àwọn ìtàn Ṣáínà tí ènìyàn ti ń jókòó sínú ihò òkè fún ọgọ́rùn-ún ọdún, tó ń kó agbára ayé sínú ara rẹ̀ kó lè di àìkú. Ohun tí mo wá síbẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá ti mú ọmọbìnrin wọlé báyìí, mo ti mọ ohun tó kàn. Akọni á gbà á lọ́wọ́ àwọn oníjàgídíjàgan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọmọbìnrin náà sì ti di tirẹ̀ nìyẹn. Kò ní bá a jiyàn, kò ní ràn án lọ́wọ́ láti ronú, kò ní ohunkóhun tí òun fúnra rẹ̀ ń wá láyé. Kò ní pẹ́ tí ẹnì kejì á fi dé, ẹnì kẹta á tẹ̀ lé e, gbogbo wọn á sì máa gbé pọ̀ ní àlàáfíà láìsí ọ̀rọ̀ kankan láàárín wọn.

Ó sàn kí òǹkọ̀wé má fi ìfẹ́ sí i rárá.

Ìyá Ìbejì

Jagunjagun, àbúrò mi, ẹ̀bi ìfẹ́ kọ́ nìyẹn. Ẹ̀bi ẹni tó kọ ọ́ ni.

Ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ìtàn ìfẹ́ ní Amẹ́ríkà, Romance Writers of America, fi nǹkan méjì lélẹ̀ tí a fi ń dá ìtàn ìfẹ́ mọ̀. Àkọ́kọ́, ìfẹ́ gbọ́dọ̀ wà ní àárín gbùngbùn ìtàn náà. Èkejì, ìparí rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́ ọkàn lọ́rùn kó sì fúnni nírètí. Èyí tí ìwọ ń kà kò ní àkọ́kọ́, torí ẹ̀bùn ìṣẹ́gun lásán ni wọ́n sọ obìnrin dà níbẹ̀. Èyí tí Òǹkà-Òru ń kà kò ní èkejì, nítorí pé wọn kì í jẹ́ kó parí. Kò sí èyí tí a lè fi dá ìtàn ìfẹ́ lẹ́jọ́ nínú méjèèjì.

Ohun tí èmi máa ń wò ni èyí: bí a bá mú ọkùnrin yẹn kúrò, ṣé obìnrin náà ṣì ní iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe? Ìtàn kan wà tí mo kà tó jẹ́ pé ilé ọlọ́lá tó ti fẹ́ wó ni wọ́n mú ọmọbìnrin náà lọ. Kò tíì tú ẹrù rẹ̀ tó fi béèrè ìwé ìnáwó. Ó ka ìwé náà títí tó fi rí ẹni tó ń jí owó kó, ó lé e lọ, ó dá oko wọn padà. Ọkọ rẹ̀, tí kì í wo ojú ẹnikẹ́ni, bẹ̀rẹ̀ sí í wá jókòó sí yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́. Fún ọ̀pọ̀ orí, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín wọn kò ju pé ó jókòó síbẹ̀ lọ. Mo gba ìfẹ́ wọn gbọ́ ju ti àwọn tó ń fẹnu ko ara wọn lẹ́nu ní orí kejì.

Àbíkẹ́

Ẹ̀gbọ́n Ìyá Ìbejì, ẹ ti sọ ọ́ bó ṣe wà lọ́kàn mi. Jíjókòó yẹn!

Akọ̀wé-Kékeré

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ àwa tí à ń kọ ọ́.

Mò ń kọ ìtàn ìfẹ́ fún áàpù kan tí mi ò ní dárúkọ. Àdéhùn tí mo fọwọ́ sí sọ pé orí kan gbọ́dọ̀ jáde lójoojúmọ́. Bí mo bá pa ọjọ́ kan jẹ, ẹ̀bùn owó oṣù yẹn ti lọ. Àwọn orí ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, lẹ́yìn náà ni òǹkàwé á máa fi kọ́ìnì, owó inú áàpù tí wọ́n ń fi owó gidi rà, ṣí ìyókù.

Ṣáínà ni ètò yìí ti gbilẹ̀. Ojú-òpó tí wọ́n ń pè ní Qidian bẹ̀rẹ̀ ní 2002, nígbà tó di 2003, ó ti ń gba owó lórí orí kọ̀ọ̀kan. Iye lẹ́tà tó wà nínú orí ni wọ́n fi ń ṣírò owó rẹ̀, ní ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún. Ẹ wá fi ojú òǹkọ̀wé wò ó. Bí mo bá kọ ibi tí àwọn méjì ti wo ara wọn tí wọ́n sì mọ ohun gbogbo láìlanu, gbólóhùn mẹ́ta ti tó. Bí mo bá kọ ìdíje idà, tí àgbà kọ̀ọ̀kan tó ń wòran ń ṣàlàyé bí agbára ọmọkùnrin náà ṣe pọ̀ tó, tí ọ̀tá rẹ̀ náà ń rántí ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ kó tó ṣubú, orí mẹ́rin ni. Èyí tó máa mú owó wá kò ṣòro láti mọ̀.

Nítorí náà, Òǹkà-Òru, mo gbà pẹ̀lú yín, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi kún un. Ìtàn ìfẹ́ tí kò ní idán rárá náà ń jìyà rẹ̀. Mo ti kọ ìtàn mi dé ibi tí mo ti pinnu láti ìbẹ̀rẹ̀ pé yóò parí sí. Olóòtú ní kó má parí, pé àwọn tó ń rà á ṣì pọ̀. Ó ní kí ọkọ ní jàǹbá ọkọ̀, kó gbàgbé ìyàwó rẹ̀ pátápátá, kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo bá wọn jà á. Wọ́n ní àdéhùn fún àwọn láṣẹ láti fi ẹlòmíràn parí rẹ̀.

Àbíkẹ́

Ó dùn mí láti gbọ́. Mo mọ̀ pé kì í ṣe àwọn òǹkọ̀wé ló fẹ́ràn ìgbàgbé yẹn, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé wọ́n lè fipá mú wọn kọ ọ́. Gbogbo ohun tí àwọn méjèèjì ti jìyà lé lórí, tí èmi òǹkàwé náà ti bá wọn sunkún lé lórí, á di òfo lójú kan. Mo máa ń dá ìtàn náà dúró ni.

Ewé-Ìwé

Ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn pé owó orí kọ̀ọ̀kan ló fà á.

Àkọ́kọ́, títà ìtàn ní díẹ̀díẹ̀ ti pẹ́ ju íntánẹ́ẹ̀tì lọ. Láti 1836 ni Charles Dickens ti ń gbé ìtàn rẹ̀ jáde lóṣooṣù ní ìlú Ọba. Àwọn ìwé ìròyìn Faransé náà ń gbé ti Alexandre Dumas jáde ní 1844, àwọn ènìyàn sì ń dúró de apá tó kàn bí àwa náà ṣe ń dúró. Ìtàn wọn ṣì dùn títí dòní.

Èkejì, ẹ wo Japan. Ojú-òpó Shōsetsuka ni Narō tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, ọ̀fẹ́ ni kíkà níbẹ̀. Kò sí kọ́ìnì. Síbẹ̀, ìtàn kan náà ló kún ibẹ̀ bámúbámú: ọkọ̀ pa ènìyàn, ó tún ayé wá ní ilẹ̀ onídán, wọ́n fún un ní agbára tí ẹnikẹ́ni kò ní. Ó pọ̀ débi pé ní 2016 ojú-òpó náà ya àtẹ ipò àwọn ìtàn bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ kí àwọn tó kù lè rí ojú mí. Àwọn orúkọ ìtàn tó gùn bí ìpínrọ̀ yẹn náà, inú àtẹ ni wọ́n ti wá. Orúkọ ni òǹkàwé kọ́kọ́ ń rí níbẹ̀, nítorí náà òǹkọ̀wé á rọ gbogbo ìtàn sínú orúkọ kí ẹ lè tẹ̀ ẹ́.

Àwa òǹkàwé ló ń tẹ̀ ẹ́. Orí tuntun lójoojúmọ́ là ń fẹ́, bí òǹkọ̀wé bá sì fi ọ̀sẹ̀ méjì ronú, a ti lọ. Ọwọ́ wa wà níbẹ̀.

Òǹkà-Òru

Ewé-Ìwé, ọ̀rọ̀ yín lórí Japan wọ̀ mí lọ́kàn, mi ò sì lè jiyàn pé a kò lọ́wọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ti Dickens yẹn, èmi ló ń gbè lẹ́yìn. Púpọ̀ nínú àwọn ìtàn rẹ̀ tó ń jáde lóṣooṣù, ogún apá ni wọ́n ṣètò rẹ̀ sí, wọ́n sì máa ń gbé méjì tó kẹ́yìn jáde pa pọ̀. Òǹkọ̀wé mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ibi tí ilẹ̀ tán sí. Ó lè fi ọ̀rọ̀ kan pamọ́ sí apá kẹta kó wá yọ ọ́ ní apá kejìdínlógún. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé kó máa kọ títí owó yóò fi gbẹ, báwo ló ṣe fẹ́ fi nǹkan pamọ́? Kò mọ ibi tí yóò ti yọ ọ́.

Kì í ṣe títà ní díẹ̀díẹ̀ ni mo ń bá jà. Àìmọ ìparí ni.

Ògbufọ̀

Mo wá láti ẹ̀gbẹ́ ìtumọ̀, ìtàn Kòríà ni mo máa ń túmọ̀. Mo rò pé àwọn ará Kòríà ti rí ọ̀nà kan sí ohun tí ẹ ń jíròrò yìí.

Lọ́dọ̀ wọn, ìtàn ìfẹ́ onídán ní àyè tirẹ̀, ó dá dúró. Wọn kì í pè é ní ẹ̀ka ìtàn agbára. Púpọ̀ nínú wọn máa ń parí láàárín ọgọ́rùn-ún sí igba orí. Ìtàn gan-an á parí: ẹjọ́ tán, ọ̀tá ṣubú, àwọn méjèèjì wà pọ̀. Lẹ́yìn náà ni òǹkọ̀wé á wá kọ àwọn àfikún fún ẹni tó bá ṣì fẹ́ wà pẹ̀lú wọn: ìgbéyàwó wọn, ọmọ wọn, ìtàn ọ̀rẹ́ tí a kò gbọ́ tirẹ̀ tán, nígbà mìíràn pàápàá ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní wọ́n pàdé ní ayé mìíràn. Àfikún yìí náà ń tà. Owó kò dúró, ìparí ìtàn sì dúró ní tirẹ̀, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Wọn kò sì fi kọ́ìnì nìkan há òǹkàwé mọ́. KakaoPage, áàpù ìtàn kan ní Kòríà, gbé ètò kan dé ní 2014 pé ẹni tó bá lè dúró fún àkókò tí wọ́n dá, orí kan á ṣí fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gbà á ni yóò sanwó.

Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni ohun tí ẹ̀rọ ń fi àwọn ìtàn yìí ṣe báyìí. Nígbà tí Wuxiaworld, ojú-òpó tó ń túmọ̀ ìtàn Ṣáínà sí Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ ní ìparí 2014, àwọn tó fẹ́ràn ìtàn ló ń túmọ̀ rẹ̀, òǹkàwé sì ń fi owó ọrẹ gbé wọn lárugẹ. Ní báyìí, ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ áàpù fi ń túmọ̀, ẹnikẹ́ni kì í kà á kó tó jáde. Nínú ìtàn ogun, ẹ lè fara dà á. Nínú ìtàn ìfẹ́, ọkùnrin á di obìnrin láàárín gbólóhùn kan, ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ tí ẹnì kan sọ fún olólùfẹ́ rẹ̀ á jáde bí ìkéde ìjọba. Òǹkàwé á ní ìtàn náà kò dùn, bẹ́ẹ̀ kò tíì kà á rárá.

Jagunjagun

Àwọn àfikún yẹn dára. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwa tí à ń ka ìtàn idán lórí ojú-òpó Royal Road ní ìṣòro tiwa. Ọ̀fẹ́ ni níbẹ̀. Òǹkọ̀wé á máa ta àwọn orí tó wà níwájú fún àwọn tó ń dáwó fún un lórí Patreon, ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n bí ìtàn náà bá ti lókìkí, yóò gbé e lọ sí Kindle Unlimited ti Amazon, ibi tí wọ́n ti ń sanwó fún ojú ìwé tí ènìyàn bá kà. Wọn kì í gbà kí ìwé tó bá wà níbẹ̀ wà níbòmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ yọ gbogbo orí kúrò. Ẹni tó bá ń kà á lọ ní àárín, ó jí lówùúrọ̀, kò bá nǹkan kan mọ́. Mi ò bínú sí òǹkọ̀wé, ó gbọ́dọ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n ó ń dun ènìyàn.

Ohun kan tí mo fẹ́ sọ fún Ìyá Ìbejì: níbẹ̀ ni mo ti rí ìtàn idán tí ìfẹ́ inú rẹ̀ kò bí mi nínú. Àwọn méjèèjì jọ ń jagun ni, obìnrin náà ló ń ka àwòrán ilẹ̀, ọkùnrin náà sì máa ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Òǹkọ̀wé kò kánjú. Bóyá ohun tí mo kórìíra kì í ṣe ìfẹ́ bí kò ṣe ìkánjú.

Ìyá Ìbejì

Ọmọ dáadáa. Mo mọ̀ pé a máa pàdé níbì kan.

Àbíkẹ́

Kò tíì sí ẹni tó mẹ́nu kan àwọn ìtàn ènìyàn tó ń di ìkookò, bẹ́ẹ̀ wọ́n kún gbogbo áàpù. Èmi ń kà wọ́n, mo sì fẹ́ gbè wọ́n lẹ́yìn.

Ìtàn náà jọra: òṣùpá ti yan ọmọbìnrin tálákà fún olórí agbo, olórí náà kọ̀ ọ́ níwájú gbogbo èrò, ọmọbìnrin náà bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó padà wá pẹ̀lú agbára tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó ní. Ohun tí mo ń kà á fún ni àbámọ̀ ọkùnrin yẹn. Ẹni tí wọ́n ti fojú tẹ́ńbẹ́lú rí láyé mọ adùn tó wà nínú kí ẹni tó kọ̀ ọ́ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ìtàn tó lè fún ènìyàn ní ìyẹn kì í ṣe ìtàn yẹpẹrẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti mọ bí yóò ṣe parí.

Òǹkà-Òru

Àbíkẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ yé mi, mi ò sì ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni má kà á. Ohun tó ń dí mi lọ́wọ́ níbẹ̀ ni yíyàn òṣùpá yẹn. A ní àyànmọ́ ò gbóògùn. Nínú àwọn ìtàn yìí, wọ́n ti sọ àyànmọ́ di ohun tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Kò ní láti fi hàn mí ìdí tí àwọn méjì yìí fi wù ara wọn. Òṣùpá ti sọ bẹ́ẹ̀. Bí ọkùnrin náà bá wá ń hùwà ìkà, a ó ní kí ọmọbìnrin náà fara dà á, ṣebí òun ni wọ́n yàn fún un.

Ìtàn tó bá gbé àyànmọ́ kalẹ̀ tó wá jẹ́ kí ọmọbìnrin náà kọ̀ ọ́, kó yan ẹlòmíràn fúnra rẹ̀, irú ìyẹn ni mo lè fi òru kà.

Ìyá Ìbejì

Ibi tí mo fẹ́ kí á dúró lé gan-an nìyẹn.

Mi ò lòdì sí ìtàn tó ní ìwà ìkà nínú. Àgbàlagbà lè ka ohun tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin bá ti obìnrin mọ́lé, tó gba fóònù rẹ̀, tó fipá bá a sùn, tí ìtàn náà sì ń pè é ní ìfẹ́ gbígbóná, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sí iwájú kí n tó wọlé. Àwọn ojú-òpó kan ní àyè fún ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn òǹkọ̀wé tó mọ iṣẹ́ wọn a sì máa lò ó. Àwọn áàpù tó ń polówó ìtàn wọn kiri kì í kọ ọ́, wọ́n á fi àwòrán òdòdó bò ó. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún pọ̀ gan-an nínú àwọn tó ń ka irú ìtàn yìí. Ọmọbìnrin tó jẹ́ pé ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa ìfẹ́, kí la fẹ́ kó máa retí lọ́wọ́ ọkùnrin?

Àbíkẹ́

Mo fara mọ́ ìkìlọ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo ti já sínú irú rẹ̀ rí, mi ò lè sùn.

Ewé-Ìwé

Ohun kan tó yẹ kí ẹni tó ń fi kọ́ìnì ra orí mọ̀: ẹ kò ní ìwé náà. Amazon bẹ̀rẹ̀ Kindle Vella ní 2021 fún irú ìtàn yìí gan-an, ní oṣù kejì 2025 wọ́n tì í pa. Áàpù tó tóbi jù ú lọ náà ń yí ọwọ́: Wattpad tó bẹ̀rẹ̀ ní Toronto ní 2006, Naver ti Kòríà ló rà á ní 2021, owó tó lé ní ẹgbẹ̀ta mílíọ̀nù dọ́là. Bí olówó tuntun bá dé, òfin tuntun dé. Ìtàn tó bá wọ̀ mí lọ́kàn, mo máa ń wò bóyá ó ti di ìwé, kí n rà á síbi tí n kò ti ní wá a tì.

Akọ̀wé-Kékeré

Àdéhùn mi pẹ̀lú áàpù yẹn ti fẹ́ parí, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn mìíràn níbi tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Obìnrin kan ló ń tún afárá tí idán fi ń kọjá láàárín ìlú méjì ṣe, ọkùnrin tí wọ́n rán wá láti wó o ló sì wá ń bá a gbé òkúta. Lẹ́yìn tí mo ka ohun tí Òǹkà-Òru kọ nípa ogún apá yẹn, mo lọ ṣe ìlapa rẹ̀ dé ìparí. Àádọ́rùn-ún orí ni, mo sì ti kọ iye náà sí iwájú ìtàn kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Bí àwọn òǹkàwé bá fẹ́ràn àwọn méjèèjì lẹ́yìn náà, mo lè kọ àfikún bíi ti àwọn ará Kòríà.

Ìyá Ìbejì

Fi ibi tó wà ránṣẹ́ sí mi. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó fi afárá yẹn sílẹ̀ nítorí ọkùnrin o.

Akọ̀wé-Kékeré

Kò ní fi í sílẹ̀, Mà. Orí tó kẹ́yìn, orí afárá náà ni wọ́n wà.